Ohun Tí Ilé Iṣẹ́ Ń Lò Ló Ń Sọ Ẹni Tó Máa Ra Ọjà Yín

Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà, tó ń tún wẹ́bùsáìtì ṣe, tó ń ta ímeèlì ilé iṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ POS ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wá oníbàárà. Wọ́n á tẹ ìwé ìpolówó igba, wọ́n á gbéra láti Lágere, wọ́n á gba Mayfair, wọ́n á máa wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ọjà náà lè dára gan-an o. Àmọ́ wọn ò kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni tí wọ́n lọ bá ti ń lò tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwìn làwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ kiri láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá sì ń ta àwìn ò lè ṣàì wo ilé àti ìṣe ẹni tó ń tà fún. Irú wíwò yẹn la máa ṣe níhìn-ín, àfi pé orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń lò máa ń jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti gbà láti náwó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tún ń fi ibi tí ìnira rẹ̀ wà hàn, àti ìgbà tó ṣeé ṣe kó fẹ́ pààrọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò lo nǹkan kan rárá kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ ṣì ní láti kọ́ ẹni yẹn ní ìdí tó fi yẹ kó náwó, ẹ̀kọ́ yẹn sì lè gba ọdún kan. Ẹni tó ti ra nǹkan, tí nǹkan náà wá ń dà á láàmú tàbí tó ti pa á tì, òun gan-an lẹ ń wá. Òun ti mọ ìdí rẹ̀, owó sì ti jáde lápò rẹ̀ rí.

Gbólóhùn kan kẹ́ ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kó dárúkọ irú ilé iṣẹ́ náà, ìlú tó wà, ohun tó ń lò báyìí, àti ìnira tí ohun náà ń fà fún un. Bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba owó ilé ìwé lẹ ń tà, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Ilé ìwé aládàáni ní Iléṣà tó ní wẹ́bùsáìtì, ṣùgbọ́n tí òbí ṣì ń lọ sanwó ní báńkì kó tó mú tẹ́là wá fún bọ́sà.” Bó bá jẹ́ títún wẹ́bùsáìtì ṣe ni: “Hótẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwòsàn aládàáni ní Ifẹ̀ tó wà lórí WordPress (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́bùsáìtì) àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọdún kan sẹ́yìn.”

Nǹkan tó ṣeé fojú rí ló wà nínú gbólóhùn méjèèjì. “Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ̀ síwájú” ò lè ràn yín lọ́wọ́, torí a kì í dúró síta rí ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Lábẹ́ gbólóhùn yẹn, ẹ kọ àmì mẹ́ta sí márùn-ún tẹ́ ẹ máa wò lára ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó ju márùn-ún lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa wà lórí orúkọ kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kíkó orúkọ jọ

Ọgọ́ta orúkọ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Google Maps, kẹ́ ẹ wá “private school Ilesa” tàbí “hotel Ile-Ife”. Apá máàpù tó bá wà lójú yín nìkan ló ń mú àbájáde wá, nítorí náà ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, bíi láti Ìsọkùn dé Ẹrẹ́jà ní Iléṣà, kẹ́ ẹ máa tún wá a níbi kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní bọ́tìnì “Website”, ẹ da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí Google fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ site:sch.ng Ilesa OR Ilesha. Òpin .sch.ng ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé ìwé, .edu.ng sì ni ti ilé ẹ̀kọ́ gíga. NiRA ló ń bójú tó gbogbo .ng lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ìlú náà, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń kọ Ilesha tó ní h. Ti Ifẹ̀ náà ń jẹ́ Ile-Ife, Ile Ife, tàbí Ife lásán.

Àwọn ọ̀fìn kan wà níbí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ilesha Baruba wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì máa ń dà pọ̀ mọ́ tiwa. Old Ife Road wà ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tó bá kọ ọ́ sínú àdírẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe ará Ifẹ̀. Ẹ fi Osun kún ohun tẹ́ ẹ ń wá, kẹ́ ẹ sì ka àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ wẹ́bùsáìtì kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀.

Inú kóòdù lọ̀rọ̀ wà

Ẹ ṣí wẹ́bùsáìtì náà ní Chrome lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl àti U pa pọ̀. Ojú ewé tó kún fún kóòdù á ṣí. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ ò ní kà á tán. Ctrl àti F ni kẹ́ ẹ tẹ̀ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ máa fi àwọn ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ dárúkọ yìí wá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ fóònù Android lẹ ní, ẹ kọ view-source: síwájú àdírẹ́sì náà, kóòdù náà á ṣí bákan náà.

Bẹ́ ẹ bá rí wp-content, WordPress ni wọ́n lò. Bẹ́ ẹ bá tún rí woocommerce, wọ́n ń tajà lórí rẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́bùsáìtì ni Wix àti Shopify náà: ti Wix ni wixstatic.com, ti Shopify sì ni cdn.shopify.com. Ilé iṣẹ́ tó wà lórí Wix pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀ ń sanwó fún un, torí Wix ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn lo àdírẹ́sì ara ẹni. Bó bá wá jẹ́ dọ́là ló fi ń san án, gbogbo ìgbà tí náírà bá já wálẹ̀ ni owó yẹn ń gun òkè. Ẹni tó ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní náírà ti rí ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá generator. Nọ́ńbà WordPress tí wọ́n ń lò sábà máa ń wà lára rẹ̀. WordPress 5.8 jáde ní oṣù Keje ọdún 2021. Wẹ́bùsáìtì tó ṣì ń fi 5.8 hàn ti pẹ́ gan-an láìsí ìtọ́jú. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o: àwọn ohun àfikún bí Elementor náà máa ń kọ generator tiwọn síbẹ̀, ẹ lè ka nọ́ńbà Elementor bíi ti WordPress. Orúkọ tó ṣáájú nọ́ńbà náà ni kẹ́ ẹ kà dáadáa.

Àmì tó dùn mọ́ wa jù ni ti Google Analytics, tó ń ka iye àwọn tó ń wọ wẹ́bùsáìtì. Ẹ wá UA- nínú kóòdù náà. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ìṣirò yẹn dúró, G- ló rọ́pò rẹ̀. Wẹ́bùsáìtì tó bá ní UA- nìkan, tí kò ní G-, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò ka ẹnikẹ́ni tó ń wọlé síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà lè máà mọ̀ rárá. Àmì yìí fi hàn pé ẹnì kan bìkítà nígbà kan rí láti mọ iye àwọn tó ń wá síbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tọ́jú wẹ́bùsáìtì náà ti lọ.

Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ wẹ́bùsáìtì. “© 2019” tí kò yí padà ń sọ nǹkan kan. “Designed by” ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúkọ ẹni tó ṣe é ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi orúkọ yẹn wá Google pẹ̀lú Osun, àwọn wẹ́bùsáìtì mìíràn tí ẹni náà ṣe á jáde. Bó bá ti kúrò nílùú tàbí tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ti wà láìní alágbàtọ́, ẹ sì lè rí orúkọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ìlú ò tóbi, ẹni tẹ́ ẹ bá gba oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ máa pàdé ní ibi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló máa fayọ̀ gbé iṣẹ́ tí wọn ò ráyè ṣe lé yín lọ́wọ́.

Ní ti owó gbígbà, ẹ wá js.paystack.co fún Paystack, àti checkout.flutterwave.com fún Flutterwave. Ibi yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: kóòdù owó kì í sábà sí lójú ewé àkọ́kọ́. Ojú ewé tí wọ́n ti ń sanwó ló wà, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í hàn rárá, torí sáfà wọn (kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì wọn wà lórí rẹ̀) ló ń gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gba owó. Ẹ fi ọjà kan sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, kẹ́ ẹ lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ sanwó, kẹ́ ẹ wo àdírẹ́sì òkè. Bó bá ti di checkout.paystack.com, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má sanwó o, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti padà. Ilé ìwé tó ní wẹ́bùsáìtì tó dára, tó wá jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì mẹ́ta ló kọ sójú ewé “School Fees”, ni gbólóhùn tá a kọ lókè yẹn ń ṣàpèjúwe gẹ́lẹ́.

Ẹ tún lè rí embed.tawk.to, tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí wẹ́bùsáìtì, tàbí connect.facebook.net, tí wọ́n fi ń tọpa àwọn tó rí ìpolówó wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí tawk.to náà ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tòótọ́ kan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn títí di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé irinṣẹ́ náà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Wappalyzer, tó ń wọnú Chrome, àti wẹ́bùsáìtì builtwith.com máa ń ṣe gbogbo èyí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín ṣe mẹ́wàá, kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣì yín lọ́nà. Ní ti àkójọ orúkọ tí irú wọn ń tà lówó dọ́là, a ò gbà yín níyànjú láti rà á fún ìlú bíi tiwa. Àwọn tó ní wẹ́bùsáìtì nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ ní Iléṣà kò sì ní in.

Ibi tí lẹ́tà wọn ń gbà wọlé

Ilé iṣẹ́ lè fi kóòdù pamọ́, àmọ́ kò lè fi ibi tí ímeèlì rẹ̀ ń gbà wọlé pamọ́, torí gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí lẹ́tà tó lè dé. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ kọ nslookup -type=mx, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ àdírẹ́sì náà láìfi www kún un. Lórí fóònù, ẹ lọ sí dns.google, kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì náà, kẹ́ ẹ sì yan MX, ìlà tó ń sọ ibi tí lẹ́tà ń gbà wọlé.

Bí ìdáhùn bá ní aspmx.l.google.com tàbí smtp.google.com, Google Workspace ni wọ́n ń lò. Bó bá parí sí mail.protection.outlook.com, Microsoft 365 ni. Bó bá jẹ́ mx.zoho.com, Zoho ni. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì tiwọn fúnra wọn ló jáde, bíi mail tí orúkọ wọn tẹ̀ lé, orí sáfà kan náà tí wẹ́bùsáìtì wọn wà ni ímeèlì wọn sábà máa ń wà. Lórí irú sáfà olówó pọ́ọ́kú yẹn, ààyè tètè ń kún, lẹ́tà wọn sì ń já sí spam lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, torí sáfà náà làwọn àjèjì mìíràn fi ń kọ lẹ́tà.

Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n ní wẹ́bùsáìtì, síbẹ̀ ímeèlì gmail.com tàbí yahoo.com ló wà lára pátákó wọn, oníbàárà gidi nìyẹn fún ẹni tó ń ta ímeèlì ilé iṣẹ́. Wọ́n ti ra àdírẹ́sì, wọn ò jẹ àǹfààní rẹ̀ tán ni.

Ẹ yan TXT lójú ewé kan náà. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v=spf1 ń dárúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà láyè láti kọ lẹ́tà lórúkọ wọn. Bí sendgrid.net bá wà níbẹ̀, tàbí servers.mcsv.net tó jẹ́ ti Mailchimp, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tàbí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan ló kù fún ẹni tó ń ta ìtọ́jú wẹ́bùsáìtì. Nínú Command Prompt kan náà, ẹ kọ curl -I kẹ́ ẹ sì fi àdírẹ́sì náà kún un, pẹ̀lú https:// níwájú rẹ̀. Bí ìlà X-Powered-By bá sọ PHP/7.4 tàbí èyí tó kéré sí i, PHP yẹn, èdè kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì náà fi ń ṣiṣẹ́, ti parí iṣẹ́: láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 làwọn tó ṣe é ò ti tún àlébù kankan ṣe nínú rẹ̀ mọ́. Bí ìlà server bá sọ cloudflare, ẹ ò lè mọ sáfà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Àwọn tí kò ní wẹ́bùsáìtì

Ní ìlú wa, àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù, ojú lásán sì tó láti fi wò wọ́n.

Ẹ wọ ilé ìtajà ńlá tàbí ilé egbòogi kan ní Òkèsà tàbí ní Sábó, kẹ́ ẹ ra nǹkan kékeré tẹ́ ẹ nílò, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Orúkọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí rìsíìtì bá jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú búkùlẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní sọ́fítíwíà, tàbí kí ó ti bàjẹ́. Ẹ wo orí káńtà. Àmì tó lágbára jù lọ tẹ́ ẹ lè rí níbẹ̀ ni kí ẹ̀rọ tó ń ka ìlà dúdú ara ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ọmọ tó ń gba owó sì tún máa kọ gbogbo ohun tó tà sínú ìwé ńlá. Ìdí ni pé wọ́n ti ra sọ́fítíwíà, ọ̀gá ò sì gbẹ́kẹ̀ lé iye tó ń sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó délé.

Ẹ̀rọ POS méjì tàbí mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí káńtà kan túmọ̀ sí pé ọ̀kan máa ń kọṣẹ́ nígbà tí èrò bá pọ̀, àti pé ẹnì kan ń jókòó nírọ̀lẹ́ láti ṣe ìṣirò owó tó wọ àkáǹtì mẹ́ta. Iṣẹ́ àṣekára nìyẹn, ẹni tó bá lè gbà á lọ́wọ́ wọn máa rí gbọ́.

Ẹ gbójú sókè wo òrùlé náà. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ilé iṣẹ́ tó bá ti gbé àwo rẹ̀ sórí òrùlé ti náwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò sì ní pàdánù àárọ̀ kan lórí àlàyé pé sọ́fítíwíà yín nílò dátà. Bí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì bá ṣì ń lo Windows 10, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe fún un parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ nìyẹn fún ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tàbí tó ń tún un ṣe.

Ìwé tí wọ́n fi ń wá òṣìṣẹ́ náà ń tú àṣírí. “Kó mọ Sage tàbí Peachtree lò” ń sọ fún yín irinṣẹ́ tí akọ̀wé owó wọn jókòó sí. Lórí Facebook, ẹ lọ sí facebook.com/ads/library, kẹ́ ẹ yan Nàìjíríà àti gbogbo ìpolówó, kẹ́ ẹ wá orúkọ ojú ewé wọn. Ìpolówó tó ń lọ lọ́wọ́ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ á hàn. Ẹni tó ń sanwó fún ìpolówó, tó wá jẹ́ pé nọ́ńbà WhatsApp nìkan ni ìpolówó náà ń gbé èèyàn lọ, ń dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́.

Bí àmì ṣe ń parọ́

Kóòdù àtijọ́ kì í kúrò fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè ti fi Mailchimp sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, kí orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà nínú TXT. Ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì lè ti da kóòdù ìṣirò tirẹ̀ kọ láti ibi iṣẹ́ mìíràn: bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà UA- kan náà lórí wẹ́bùsáìtì méjì tí kò bára tan, ti ẹni tó ṣe wọ́n ni, kì í ṣe ti wọn. Bí GTM- (Google Tag Manager, tó ń gbé kóòdù mìíràn wọlé) bá wà nínú kóòdù, ọ̀pọ̀ nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí Ctrl+U ò lè fi hàn. Ẹ tẹ F12, ẹ yan Network, ẹ tún ojú ewé náà ṣí, kẹ́ ẹ wá máa wo orúkọ àwọn tó ń wọlé.

Òfin tá a ń tẹ̀ lé ni pé ká rí àmì méjì tí wọn ò ti orísun kan náà wá ká tó gba nǹkan gbọ́. Pátákó tó ní gmail àti MX tó ṣófo jẹ́ méjì. Wappalyzer àti BuiltWith tí wọ́n sọ nǹkan kan náà jẹ́ ẹyọ kan, torí inú kóòdù kan náà làwọn méjèèjì ti kà á.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ohun tí ilé iṣẹ́ ti gbé síta fún gbogbo ayé ni gbogbo èyí tá a ti sọ. Bẹ́ ẹ bá lọ sí ojú ewé tí wọ́n ti ń wọlé, tẹ́ ẹ wá ń fọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, kódà bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ti kúrò nínú ọjà títà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 lẹ ti lọ forí kọ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ẹ sọ fún onílé, ẹ má wọlé.

Fífún orúkọ ní máàkì

Ẹ ṣí Google Sheets. Orúkọ, àdúgbò, àdírẹ́sì, ohun tí wọ́n ń lò, àmì kìíní, àmì kejì, ọjọ́ tẹ́ ẹ wò ó, ẹni tó ń pinnu owó, máàkì: ìlà mẹ́sàn-án yìí tó. Ọjọ́ ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ, torí ohun tẹ́ ẹ rí lóṣù Kẹta lè ti yí padà ní oṣù Kẹfà.

Máàkì mẹ́ta ni fún irinṣẹ́ tí wọ́n rà tó ti bàjẹ́ tàbí tí wọ́n ti pa tì. Méjì ni fún irinṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó há wọn mọ́ra. Ẹyọ kan ni fún ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ẹ yọ méjì kúrò bó bá jẹ́ ìbátan ọ̀gá ló ń tọ́jú nǹkan náà, torí ẹ̀bí lẹ máa bá jà níbẹ̀. Nínú ọgọ́ta, ẹ mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ga jù. Ẹ má kọ lẹ́tà sí àwọn tó kù ná.

Bó bá jẹ́ ilé ìwé, ẹ wo kàlẹ́ńdà. Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kẹfà àti Keje ni ẹni tó ni ilé ìwé lè jókòó gbọ́rọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá dé lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọlé, èrò òbí tó kún ẹnu ọ̀nà ò ní jẹ́ kó rí yín.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́

Ìkíni ló ṣáájú, ohun tẹ́ ẹ rí ló tẹ̀ lé e, iye owó kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Fún ìyá tó ni ilé ìwé ní Iléṣà, ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Lágbájá ni orúkọ mi, Ìsọkùn ni mo ń gbé. Mo ṣí wẹ́bùsáìtì ilé ìwé yín lórí fóònù lánàá, mo rí i pé Chrome ń kọ ‘Not secure’ sí i, ó sì lè máa ba àwọn òbí lẹ́rù. Nǹkan kékeré ló sábà máa ń fà á: kò ní ìwé ẹ̀rí ààbò, tàbí kí ìwé náà ti kọjá ọjọ́. Ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Bí kò bá sí àyè fún un, mo lè wá wò ó ní ọjọ́bọ̀, mà.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà fún un ní ohun tó lè lò, yálà ó ra ọjà yín tàbí kò rà. Kò sì sọ pé “wẹ́bùsáìtì yín ti bàjẹ́.” Ẹni tó ṣe é lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀, ẹ ò sì mọ̀. Ẹ má ṣe to gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí tó wá ń ka irinṣẹ́ inú ilé yín fún yín, ẹ̀yin náà máa bẹ̀rù rẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ tó wà lára pátákó ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti ọ̀gá tí ẹnì kan fún yín ní ìkọ̀kọ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti ní kẹ́ ẹ má fi dátà òun polówó ọjà mọ́. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ pè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan bí ibẹ̀ bá sún mọ́ yín.

Ẹ padà wo àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú àmì kan náà. Bí UA- bá ti di G-, tàbí bí MX bá ti kúrò lórí sáfà tiwọn bọ́ sórí Google, ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí iwájú orúkọ náà, kẹ́ ẹ mú ẹni kẹrìndínlógún láti inú ọgọ́ta yẹn wá rọ́pò rẹ̀.